Ta Ló Yẹ Kó Ròyìn Oore Tí A Ṣe?

Àsìkò tí àwọn ọmọ wa ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni lẹ́tà àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́lá máa ń wọlé tọ̀ wá. Lẹ́tà náà á sọ pé ọmọ yín ti mọ̀wé débi tí ẹgbẹ́ fi ń pè é kó wá di ọ̀kan lára wọn. Wọn á ní kó mú owó ìwọlé díẹ̀ wá. Wọn á sì fi kún un pé bí ó bá fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ ti ìsìn fún ará ìlú, kó kọ iye wákàtí tó fi ran ènìyàn lọ́wọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹni tó rí i sì fọwọ́ sí i.

Irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ dé ọ́fíìsì ìjọ wa, wọ́n ní kí a bá ọmọ kan jẹ́rìí pé ó ti fi 60 wákàtí ṣiṣẹ́ fún ìjọ. A mọ̀ pé ó ṣe é, kódà ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ béèrè ohun kan tí kò yé kọ sí wa lọ́kàn títí di òní. Ó ní, "Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè fún mi ní okùn ẹ̀yẹ, ṣé oore náà ṣì jẹ́ oore?" Ìbéèrè àgbà nìyẹn láti ẹnu ọmọdé, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ méjì lé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí jẹ́, nítorí àwọn òbí kan rò pé gbájúẹ̀ ni lẹ́tà náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ sínú garawa pàǹtí. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú wọn ni Phi Beta Kappa. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọdún 1776, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary ní ìlú Williamsburg, ìpínlẹ̀ Virginia. Ọdún náà gan-an ni Amẹ́ríkà kéde òmìnira. Ẹgbẹ́ awo ni nígbà náà, wọ́n ní ìbúra, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìmọ̀ ìwé ni wọ́n ń wò lára ènìyàn, wọn kò béèrè iye ìgbà tó gbálẹ̀ fún arúgbó.

Phi Theta Kappa ló kan àwọn ilé wa jù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ló wà fún, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń bẹ̀rẹ̀, àti púpọ̀ nínú àwọn òbí tó padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí wọ́n dé orílẹ̀-èdè yìí. Ọdún 1918 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ní 1929, àjọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọlọ́lá tiwọn. Ní ibi púpọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní máàkì 3.5 nínú 4.0 kí wọ́n tó pè é. Ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà sọ pé òun dúró lé: ẹ̀kọ́, ìdarí, ìsìn àti ìrẹ́pọ̀. Àwọn tó ṣì wà ní ilé-ìwé girama ní National Honor Society tiwọn, èyí tí àjọ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé girama dá sílẹ̀ ní 1921, òun náà sì fi ìsìn àti ìwà kún ẹ̀kọ́. Nítorí náà, gbájúẹ̀ kọ́. (Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé owó nìkan ni wọ́n ń wá kiri. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ọ́fíìsì ilé-ìwé léèrè bóyá wọ́n mọ ẹgbẹ́ náà.)

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàrin ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ti àtijọ́ wo orí nìkan, ti ìsinsìnyí fẹ́ wo orí àti ọwọ́. Èyí dára lójú wa, nítorí ọ̀mọ̀wé tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni kò ṣọ̀wọ́n láyé. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rọrùn láti wọ̀n, olùkọ́ ń fún un ní máàkì. Òṣùwọ̀n wo la fẹ́ fi wọn ìfẹ́ tí ọmọ fi ti arúgbó kan jáde lórí kẹ̀kẹ́ arọ kí oòrùn lè kàn án lára? Kò sí. Nígbà tí wọn kò rí òṣùwọ̀n, wọ́n mú aago. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka oore ní wákàtí, bí ẹni ń ka owó iṣẹ́.

Àwọn baba wa ní òwe méjì tó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní yinni yinni kí ẹni lè ṣe òmíràn. Wọ́n tún ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Bí ẹ bá gba ti àkọ́kọ́, ẹ ó fún ọmọ ní okùn ẹ̀yẹ, ẹ ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹ bá gba ti èkejì, ẹ ó ní kó fa fọ́ọ̀mù náà ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú Ìwé Mímọ́: Olúwa wa kìlọ̀ nínú Mátíù orí kẹfà fún ẹni tó ń fun fèrè síwájú ara rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe ìtọrẹ, síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé ọlá jẹ́ gbèsè tó yẹ kí a san fún ẹni tó tọ́ sí.

Àwa kò rò pé wọ́n ń jà. Ẹ wo ẹni tí òwe kọ̀ọ̀kan ń bá sọ̀rọ̀. Yinni yinni kò bá ẹni tó ṣoore sọ̀rọ̀ rárá, àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n rí i ló ń bá wí. Má lóṣòó ti oore kò sì bá àwọn tó rí i sọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe é ló ń bá wí. Gbèsè ni ìyìn lóòótọ́, ọrùn àwọn tó jàǹfààní ló sì wà. Ohun tí kò yẹ ni pé kí ẹni tí wọ́n jẹ lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn bí ológò ayé àtijọ́, kó ní òun kò ní dìde títí wọn yóò fi san án.

Ẹ rántí Dọ́káàsì ará Jọ́pà, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹsàn-án. Òun kọ́ ló kó ẹ̀wù jáde fún Pétérù. Òkú rẹ̀ wà ní yàrá òkè, kò lè sọ ohunkóhun. Àwọn opó tó rán aṣọ fún ni wọ́n dúró, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n sì ń fi aṣọ náà hàn níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó mọ wákàtí tó fi rán wọn, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Nítorí náà, bí a bá ní ká wá ẹ̀bi fọ́ọ̀mù náà, kì í ṣe nítorí pé ó ń yin ènìyàn. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó sọ ọmọ di akígbe oore ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù náà. Ní abúlé tí àwọn baba wa ti wá, fọ́ọ̀mù kò wúlò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá tún ọ̀nà odò ṣe, gbogbo ẹni tó bá ru omi gba ibẹ̀ kọjá ló mọ̀, orúkọ rẹ̀ á sì ti dé etí baálẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó wẹ ọwọ́ tán. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n á jókòó fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á sì tún sá lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Olùkọ́ lè má mọ orúkọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni ojú tí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń ríran. Ojú náà kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n fọ́jú lọ.

A kò sì gbọ́dọ̀ kẹ́gàn ẹni tó torí okùn ẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò ní béèrè ìdí tí ọmọ fi wá bá wọn kó páálí oúnjẹ, oúnjẹ náà á ṣáà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó lọ nítorí ẹ̀yẹ sì lè pàdé ojú kan níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó sùn. Ìdáhùn wa sí ìbéèrè ọmọ yẹn nìyí: kọ ọ́ sílẹ̀, kọ òtítọ́, má fi wákàtí kan kún un, jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ́rìí rẹ̀, kí o sì dìde kúrò nídìí rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá oore ṣì ni, má wo 60 wákàtí tí fọ́ọ̀mù béèrè. Wo wákàtí 61. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí o fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, níbo lo wà? Àwọn arúgbó tí o máa ń bá sọ̀rọ̀ kò mọ̀ pé ìwé ti pé, wọ́n á ṣì máa wo ẹnu ọ̀nà.

Níbi tí a dé yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ojú fọ́ọ̀mù kò rí, nítorí púpọ̀ nínú wọn wà láàrin wa. Pé okùn kò sí lọ́rùn ẹnìkan kò fi hàn pé kò yẹ fún un, ìtàn àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí gan-an jẹ́rìí sí i. Láti 1776, Phi Beta Kappa kò gba obìnrin kankan títí di 1875, ní Yunifásítì Vermont. Ilé-ìwé yẹn kan náà ló yan George Washington Henderson ní 1877, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní Virginia. Ǹjẹ́ a lè sọ pé kò sí obìnrin tó mọ̀wé ní gbogbo ọdún 99 yẹn? Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a dá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú tún dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 1953 ni ẹgbẹ́ náà tó dé Howard àti Fisk. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì káwọ́ gbera dúró dè wọ́n. Ní 1937, ní ìlú Nashville, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di Alpha Kappa Mu sílẹ̀, kí ọmọ wọn tó bá yege lè rí ẹni tí yóò sọ fún un pé, "A rí ọ." Àwa fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe yìí púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo inú ilé tiwa. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà, ẹ lè fi ojú inú wò ó, nítorí irú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òun ló ń fún àwọn àbúrò lóúnjẹ, òun ló ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, òun ló ń jí wọn láàárọ̀. Bí Ìyá Àgbà bá ní láti rí dókítà, òun ni ògbufọ̀, ó sì ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ àìsàn tí kò yẹ kí ọmọ ogún ọdún gbọ́ nípa ìyá ìyá rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ó ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìgbowó ní ilé ìtajà, nínú owó rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi owó ìdánwò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan nílé. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 3.2. Ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè wákàtí ìsìn, òdo ló kọ síbẹ̀.

Àwọn òbí kan ti sọ fún wa pé ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ka wákàtí tó fi tọ́jú àbúrò mọ́ ìsìn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Ọmọ tó gba ẹrù lórí ìyá rẹ̀ kò tọrẹ, ojúṣe rẹ̀ ló ṣe. Ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí fi wákàtí ka ohun tí ọmọ ìyá ń ṣe fún ọmọ ìyá, ọjọ́ náà ni a ó gbà sílé bí àlejò nínú ilé ara wa. Ta tilẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i, Ìyá Àgbà?

Síbẹ̀, ìdí kejì wà tí a kò lè fi pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ọmọ tí ilé rẹ̀ rọ ṣọ̀mù ní ọjọ́ Sátidé tó ṣófo, ó lè fi ran ará ìlú lọ́wọ́. Ọmọ ilé wa ti fi Sátidé tirẹ̀ san owó ilé. Bí a bá wo wákàtí nìkan, a lè máa rò pé ọkàn rere la ń dá lọ́lá, kó sì jẹ́ ìráyè la ń dá lọ́lá. Nítorí náà, níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti fi àyè sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ bí ayé rẹ̀ ṣe rí, a gba àwọn ọmọ wa níyànjú pé kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Kí wọ́n má pè é ní ìtọrẹ, kí wọ́n má sì fi sunkún. "Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ òru, èmi ni mò ń tọ́jú ilé," ó tó. Olùdarí tó bá ní làákàyè á mọ ohun tó rí. Kí àwọn òbí má sì tijú pé ọmọ kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Kò tú àṣírí ilé, iṣẹ́ òru kì í ṣe olè.

Ó tún ku ohun kan tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ tó gba okùn ẹ̀yẹ rántí. Gbogbo wa mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní 1864, Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, ọmọ tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ní Òṣogùn. Oyè ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí jókòó lé iṣẹ́ rẹ̀ ní odò Ọya, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, oyè Oxford kò sì di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ni ìyá àgbà ń ṣí ní ìjókòó ẹ̀yìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tó ń ṣí i tó kọ́kọ́ ń béèrè oyè tí wọ́n fún un. Ẹ gba okùn náà, ẹ fi kọ́rùn, ẹ ya fọ́tò, kí inú ìyá yín dùn. Kó sáà má jẹ́ òun lẹ ó gbójú lé lọ́jọ́ tí ayé bá lé yín kúrò nídìí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ o. A ní Bàbá Ìjọ, a ní Ìyá Ìjọ, a ní àwo ẹ̀yẹ tí wọ́n ń gbé fún ènìyàn níbi àpèjẹ, tó sì jẹ́ pé nígbà mìíràn ẹni tí wọ́n gbé e fún náà ló sanwó rẹ̀. Irú èyí ti kọjá lílóṣòó ti oore, ó ti gbé àga wá jókòó tì í. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ gbà pé ìyìn ń ti ẹnu ẹlòmíràn wá, ọ̀dọ̀ àwa àgbà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ rí i.

Nípa ìdúpẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wáyé ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta oṣù Kẹfà, orúkọ àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí àti okùn ẹ̀yẹ á wà nínú ìwé ètò ìsìn, kí àwọn òbí mú wọn wá fún akọ̀wé bí a ti máa ń ṣe. Àpótí kejì á wà lẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tó bá rí ọ̀dọ́ kan tó ṣe ohun rere ju orúkọ rẹ̀ sí: ẹni tó ń gbé àwọn arúgbó wá sí ìsìn nígbà òjò dídì, ẹni tó ń kó àga nígbà tí gbogbo wa ti lọ jẹun, ẹni tó kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìṣirò títí ó fi yege, ẹni tó di ilé mú kí ìyá lè rí iṣẹ́ òru ṣe. Ẹ kọ ohun tí ẹ fojú yín rí, gbólóhùn kan tó, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i. A kò ní béèrè máàkì, a kò ní béèrè wákàtí. A kò ní gba orúkọ tí òbí bá kọ fún ọmọ ara rẹ̀, a kò sì ní gba èyí tí ọmọ bá kọ fún ara rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù Kẹfà ni a ó ṣí àpótí náà.